Àwọn Ìlà Tí Àbúrò Mi Kò Kọ

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún oṣù kẹsàn-án ọdún tó kọjá, àbúrò mi obìnrin kú. Òun nìkan ni ìyá mi bí lé mi. Dókítà ní ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Mi ò bá a jiyàn, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó pa á. Èmi ni. Mi ò fún un ní májèlé, mi ò sì gbé ọwọ́ lé e láti ìgbà tí a ti kúrò lọ́mọdé. Ìlà díẹ̀ tí a tẹ̀ sórí bébà funfun ni mo fi pa á. Mo ti pa ẹnu mọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí títí ó fi fẹ́ máa ṣe mí bí ẹni pé kò ṣẹlẹ̀. Ó tó gẹ́ẹ́. Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní ìkà, kó pè mí. Ẹni tó bá fẹ́ pè mí ní òpònú, òun náà kò ṣìnà. Mo kàn fẹ́ kí ẹ gbọ́ ọ láti ẹnu èmi fúnra mi, kí n tó lọ síbi tó lọ.

Ìwé girama ni mo kà mọ. Rédíò ni mo kọ́kọ́ ń tún ṣe, nígbà tí kọ̀ǹpútà dé mo bọ́ sídìí rẹ̀, títí ilé-iṣẹ́ kan tó ń ṣèwádìí owó tó sọnù fi gbà mí síṣẹ́. A kì í ṣe irú àwọn tó ń wá yẹ ìwé wò lópin ọdún, tí wọ́n á mu tíì, tí wọ́n á buwọ́ lù ú. Àwa ni wọ́n ń pè nígbà tí nǹkan bá ti bàjẹ́, tí ẹnì kan ti pa àkọsílẹ̀ rẹ́, tàbí tí iná tàbí omi ti bá a jà. Àwọn oníṣirò á máa wá ẹni tó kó owó. Èmi á jókòó ti díìsì kọ̀ǹpútà tó ti kú, n ó máa ṣa ohun tó kù nínú rẹ̀ jọ díẹ̀díẹ̀, bí ẹni ń ṣa abẹ́rẹ́ nínú iyanrìn. Iṣẹ́ sùúrù ni. Ó ní òfin tirẹ̀. A kì í ṣiṣẹ́ lórí díìsì náà gan-an, àdàkọ rẹ̀ là ń lò. Ohun tí a bá rí, a ó ní a rí i. Ohun tí a kò bá rí, a ó fi àyè rẹ̀ sílẹ̀ lófìfo. Bí òfìfo bá pọ̀, kó pọ̀. Oníbàárà lè bínú, adájọ́ lè fajú ro, ṣùgbọ́n àyè òfìfo kò parọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Èmi ni mo ń kọ́ àwọn tó dé lẹ́yìn mi ní òfin yìí, mo sì le mọ́ wọn. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe sọ mí ní Dúrógangan. Wọ́n fi ń ṣe yẹ̀yẹ́ ni, ṣùgbọ́n èmi gbà á bí oyè.

Ọ̀gá wa, oníṣirò tó dá ilé-iṣẹ́ náà sílẹ̀, wá ra ètò tuntun kan tí a ń lò lórí kọ̀ǹpútà. Ètò náà gbọ́n. Bí omi bá jẹ àárín àkọsílẹ̀, ètò yìí á wo ohun tó ṣáájú àti ohun tó tẹ̀lé e, á wo ìwé báńkì, á wá fojú dá ohun tó ṣeé ṣe kó ti wà níbẹ̀. Ìlà tó bá rí gan-an á jẹ́ funfun, èyí tó bá fojú dá á jẹ́ yẹ́lò. Àwa tí à ń ṣèwádìí ni yẹ́lò náà wà fún, kí a lè mọ ibi tí a ó gbé ẹsẹ̀ lé. Kò wà fún ilé ẹjọ́. Kò sí ẹni tó mọ èyí jù mí lọ ní gbogbo ilé náà.

Àbúrò mi ń ṣe kaṣíà ní ilé-iṣẹ́ kan tó ń ta irin àti sìmẹ́ǹtì. Kaṣíà náà ni gbogbo wọn ń pè é níbẹ̀, títí kan àwọn tó ń ru ẹrù. Ọkọ rẹ̀ ti kú, ó ku òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ kan. Lọ́dún tí mò ń sọ yìí, òjò ńlá kan rọ̀, gọ́tà kún, omi ya wọ ọ́fíìsì wọn. Olúkúlùkù gbé bàtà, gbé báàgì, wọ́n sá sórí àtẹ̀gùn. Àbúrò mi nìkan ló padà sínú omi tó ti dé orúnkún, ó yọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń tọ́jú ìwé owó sí, ó gbé e lé orí, ó sì ń rọra bọ̀. Máníjà wọn dúró lókè, ó ní, “Kaṣíà, ṣé àpótí irin lásán lo fẹ́ torí ẹ̀ kú ni?” Àbúrò mi ní, “Ọ̀gá, bí ìwé owó bá bómi lọ, ṣé ẹ̀yin ni wọ́n á bi ni àbí èmi?” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún mi, ó ń rẹ́rìn-ín bó ṣe ń sọ ọ́.

Nígbà tí ilẹ̀ gbẹ ni wọ́n rí i pé owó ńlá ti jáde ní báńkì láàárín oṣù náà. Ẹni méjì péré ló ní agbára láti yọ ọ́: Máníjà àti Kaṣíà. Báńkì mọ iye tó jáde, ṣùgbọ́n báńkì kò mọ èwo nínú àwọn méjèèjì ló tẹ̀ ẹ́. Inú kọ̀ǹpútà tó mu omi yẹn nìkan ni èsì wà. Wọ́n gbé e wá sọ́dọ̀ wa. Lójú ẹsẹ̀ ni mo lọ bá Ọ̀gá. Mo ní, “Ọ̀gá, Kaṣíà ibẹ̀ yẹn, ọmọ ìyá mi ni. Ẹ gbé e fún ẹlòmíì.” Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀. “Ẹlòmíì wo? Àwọn ọmọ tó jẹ́ pé àná ni wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń tan kọ̀ǹpútà? Lọ ṣe é. Mo mọ̀ tẹ́lẹ̀, mo sì ti sọ fún oníbàárà pé àbúrò rẹ ni Kaṣíà, wọ́n ní kò burú. Àbí o ò mọ̀? Bó o bá ní kò kó o, wọ́n á ní ẹ̀jẹ̀ ló ń fà ẹ́. Ṣùgbọ́n bó o bá ní ó kó o, Dúrógangan, ta ló máa jiyàn?” Ó rẹ́rìn-ín. “Mò ń ṣeré ni o.” Èmi kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti rí ibi jókòó sí nínú mi.

Ọjọ́ ìsinmi tó tẹ̀lé e, àbúrò mi wá sílé mi. Mi ò rí i kí inú rẹ̀ dùn tó bẹ́ẹ̀ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, wọ́n ní ọwọ́ yín ni ẹ̀rọ yẹn wà. Ọkàn mi ti balẹ̀.” Mo ní kó má bá mi sọ̀rọ̀ iṣẹ́ nílé. Ó ní, “Ta ló ń bá yín sọ̀rọ̀ iṣẹ́? Mo kàn ní kí ẹ wò ó dáadáa ni. Bí ẹ bá ti wò ó dáadáa, mo bọ́.” Ó yíjú sí ìyàwó mi. “Ẹ̀yin ìyàwó wa, ṣé ọkọ yín ti wá di adájọ́ ni, tí a ò gbọdọ̀ kí i mọ́?” Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín. Mo dìde, mo wọ yàrá. Mo rò pé ohun tí olóòótọ́ èèyàn ń ṣe nìyẹn.

Mo ṣiṣẹ́ náà bó ṣe yẹ, títí mo fi dé àárín oṣù. Ibẹ̀ gan-an ni omi ti jẹ ẹ́. Ètò náà fojú dá ohun tó wà níbẹ̀, ó kó ìlà yẹ́lò jáde ní tẹ̀léǹtẹ̀lé, àmì ìdánimọ̀ tí àbúrò mi fi ń wọ kọ̀ǹpútà náà ló sì wà níwájú gbogbo wọn. Ẹ gbọ́ ohun tó fà á, kí ẹ lè mọ bí ẹ̀ṣẹ̀ mi ṣe wúwo tó, torí mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ náà bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lónìí. Ẹ̀rọ kò mọ olè. Ẹni tó máa ń ṣiṣẹ́ jù ló mọ̀. Máníjà lè má fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà náà fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, àbúrò mi ló ń tẹ ohun gbogbo láti òwúrọ̀ títí wọ́n á fi ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí ẹ̀rọ wá ń wá ọrùn tí yóò so owó náà mọ́, ọrùn òṣìṣẹ́ ló rí. Bó bá jẹ́ ọ̀lẹ ni àbúrò mi, ẹ̀rọ ì bá má dárúkọ rẹ̀.

Ọ̀sán ni, àwọn yòókù ti jáde lọ jẹun. Ọ̀gá yọjú lẹ́nu ọ̀nà. “Ọ̀la ni wọ́n ń bọ̀. Kí ni gbogbo yẹ́lò yìí?” Mo ní, “Ìfojúdá ni, Ọ̀gá. Òfìfo ni n ó fi síbẹ̀.” Ó ní, “Òfìfo, níbi tí owó ti sọnù gan-an? Kí wọ́n lè ní ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló nù ún kúrò? Ó dáa. Ìwọ lo mọ̀. Mi ò ní kó o ṣe nǹkan kan o.” Ó bá tirẹ̀ lọ. Òótọ́ ni, kò ní kí n ṣe nǹkan kan. Ó ti kú báyìí, mi ò ní gbé ẹrù mi lé òkú lórí. Mo jókòó síbẹ̀. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé mi ò ro ti àbúrò mi rárá. Ohun tí mò ń rò ni bí àwọn ọmọ ọ́fíìsì yóò ṣe máa sọ ọ́ lẹ́yìn mi pé Dúrógangan náà tẹ̀, ó tẹ̀ nítorí ọmọ ìyá rẹ̀. Mo fa àwọn ìlà yẹn pọ̀, mo sọ wọ́n di funfun. Kò pẹ́ tó àkókò tí èèyàn fi ń mu omi. Mo tẹ̀ ẹ́ jáde, mo buwọ́ lù ú. Mo ní nínú ara mi pé ta ló mọ̀, bóyá ó kó o lóòótọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ṣe ibi kì í wá àwáwí tì.

Nílé ẹjọ́, lọ́yà ìjọba bi mí pé, “Kí ni obìnrin yìí jẹ́ sí yín?” Mo ní, “Àbúrò mi ni, ọmọ ìyá mi.” Àwọn èèyàn kùn. Ó ní, “Ṣé ẹ rí àwọn ìlà wọ̀nyí nínú díìsì náà?” Mo ní, “Mo rí wọn.” Lọ́yà tó dúró fún àbúrò mi kò béèrè nǹkan kan lórí àwọ̀. Kò mọ̀ pé àwọ̀ kankan ti wà rí. Adájọ́ ní ó ṣọ̀wọ́n kí òun rí irú ẹlẹ́rìí bẹ́ẹ̀. Mo wo ojú àbúrò mi. Kò bínú. Ó ń wò mí bí ẹni tó ń gbìyànjú láti rántí ibi tó fi kọ́kọ́rọ́ sí. Wọ́n rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún mẹ́rin. Máníjà ṣe ìgbéyàwó ọmọ rẹ̀ lọ́dún náà.

Ọmọbìnrin rẹ̀ wá ń gbé lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀ẹ̀mejì ló lọ kí ìyá rẹ̀ lẹ́wọ̀n, kò lọ mọ́. Mo bá a wí. Ó dá mi lóhùn jẹ́jẹ́, kò gbójú sókè, ó ní, “Bàbá, ẹ̀yin lẹ sọ fún wọn pé màámi jalè. Ẹ̀yin náà lẹ tún ní kí n lọ máa kí wọn. Èwo ni kí n ṣe nínú méjèèjì?” Mo ní kó máa lọ sí yàrá rẹ̀.

Lọ́dún kejì, ilé-iṣẹ́ wa gba ẹ̀rọ mìíràn, tó lè ka ohun tí ti tẹ́lẹ̀ kò lè kà. Mo mú àdàkọ díìsì àbúrò mi, mo fi sí i. Mo ní mo fẹ́ fi ọkàn mi balẹ̀ ni. Omi kò jẹ ẹ́ tán bí a ṣe rò. Àwọn ìlà gidi gòkè wá níkọ̀ọ̀kan, àmì Máníjà ló wà lára gbogbo wọn. Ní ọjọ́ kan nínú àwọn ọjọ́ yẹn, àbúrò mi kò tilẹ̀ sí níbi iṣẹ́, ó gbé ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé ìwòsàn. Mo gbé e lọ bá Ọ̀gá. Ó kà á tán, ó ti ìwé náà padà sọ́dọ̀ mi. “Bí èyí bá jáde, gbogbo ẹjọ́ tó o ti jẹ́rìí sí ni wọ́n máa tún ṣí. Àwọn olè gidi á máa fẹsẹ̀ fẹ́ẹ jáde. Ọdún méjì ló kù fún un. Wò ó bóyá o ò lè mú un mọ́ra.” Èmi kọ́ ni n ó lo ọdún méjì náà, èmi ni wọ́n ní kí n mú un mọ́ra. Mo sì mú un mọ́ra. Mo pa àdàkọ náà rẹ́, mo pa díìsì náà pẹ̀lú, mo sì mọ̀ ọ́n pa. Gbogbo ọdún tí mo fi kọ́ bí a ti ń jí ohun tó ti kú, ni mo lò láti rí i pé èyí kò ní jí mọ́.

Mo rò pé ibẹ̀ ni ìwà ibi mi parí sí. Kò parí síbẹ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n tú àbúrò mi sílẹ̀, ilé mi ló kọ́kọ́ wá. Ó ti rù, irun rẹ̀ ti funfun. Kò jókòó títí mo fi ní kó jókòó. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, mo fẹ́ bi yín léèrè nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ṣé lóòótọ́ lẹ rí i? Mo ti rò ó títí níbẹ̀ yẹn, mi ò rántí pé mo ṣe é.” A wà ní àwa méjì péré. Kò sí lọ́yà, kò sí Ọ̀gá, kò sí ẹni tó máa gbọ́. Bí mo bá la ẹnu mi nígbà yẹn, à bá jọ sunkún, ó lè lù mí, ó lè má wọ ilé mi mọ́ láé, ṣùgbọ́n yóò mọ ara rẹ̀. Mo ní, “Ẹ̀rọ kì í parọ́.” Ó mi orí. “Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. A jẹ́ pé mo kó o tí mi ò mọ̀. Orí mi ò pé mọ́ lẹ́yìn ikú bàbá ọmọ mi, ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi, tí ẹ ò purọ́ nítorí tèmi.” Ó kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo jẹ́ kó kúnlẹ̀.

Láti ìgbà náà ló ti ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń bẹ àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́. Ọ̀kan nínú àwọn aláàárù wọn pàdé mi lọ́nà, ó ní, “Kaṣíà wá síbi wa o. Ó kúnlẹ̀ fún mi. Mo ní, ìwọ obìnrin yìí, kí lo jí lọ́wọ́ mi, èmi tí mi ò ní ju àkísà tí mo fi ń ru ẹrù?” Aláàárù náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò rẹ́rìn-ín. Àbúrò mi kò gba ọwọ́ ara rẹ̀ gbọ́ mọ́. Bí ó bá lọ ra ọṣẹ, á ní kí ẹni tó ń tà á fúnra rẹ̀ ka ṣéńjì, kí ó tún un kà. Ọmọ rẹ̀ fẹ́ fún un ní owó oṣù àkọ́kọ́ rẹ̀ pé kó bá òun tọ́jú ẹ̀. Ó ní, “Má kó o fún mi. Ọwọ́ mi ò dáa.” Ọmọ náà ní, “Màámi, bí ẹ bá mọ̀ pé ẹ ò jalè, ẹ sọ fún mi, n ó gbà yín gbọ́.” Ó dá a lóhùn pé, “Ẹ̀gbọ́n mi ò lè purọ́ mọ́ mi.” Bó ṣe rí nìyẹn títí ó fi kú.

Lẹ́yìn ìsìnkú, mo pe ọmọ náà, mo sọ ohun gbogbo fún un. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi mí: “Ṣé màámi mọ̀ kí wọ́n tó kú?” Mo ní kò mọ̀. Ó dìde, ó lọ. Kò ṣépè fún mi. Ì bá sàn kó ṣépè. Mo wá lọ sí kóòtù láti yí ẹ̀rí mi padà. Akọ̀wé tó wà níbẹ̀ ní, “Bàbá, níbo ni ìwé tí ẹ fẹ́ fi gbè é lẹ́sẹ̀?” Mo ní mo pa á rẹ́. “Ọ̀gá yín ńkọ́?” Ó ti kú. “Ẹni tí wọ́n rán lẹ́wọ̀n ńkọ́?” Òun náà ti kú. Ó fi ìdérí bo bírò rẹ̀. “Ó ti rẹ̀ yín, bàbá. Ẹ lọ sinmi.” Mo jẹ́rìí èké kan, gbogbo ayé gbà á. Mo wá sọ òtítọ́, wọ́n rò pé arúgbó ń ṣarán.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ̀rọ wà níkàáwọ́ yín, mi ò ní ọgbọ́n kan láti fún yín ju èyí lọ: bí ẹ kò bá rí i, ẹ ní ẹ kò rí i. Bí ó ti wù kí ó tì yín lójú tó, ẹ fi àyè náà sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kan sáárá sí yín títí ẹ ó fi gbàgbé ọmọ ìyá yín. Ní ti ìdáríjì, ẹni tó lè fún mi ti lọ, ó sì lọ pẹ̀lú ọpẹ́ fún mi lẹ́nu. Mi ò mọ ẹni tí mo tún lè bẹ̀.

Èmi ni mo lọ kó ẹrù rẹ̀ nínú yàrá tó háyà. Ohun tó fi sílẹ̀ nìyí: bẹ́ẹ̀dì onírin kan àti tìmùtìmù rẹ̀, aṣọ mẹ́rin lórí okùn, sálúbàtà kan tí wọ́n ti rán léti, ìkòkò méjì, ọ̀kan kò ní ìdérí, gíláàsì ìkàwé tó ya lápá kan, àwòrán ọmọ rẹ̀ nínú aṣọ ilé-ìwé, ìdajì ọṣẹ nínú àwo, agboòrùn dúdú kan. Mo yẹ gbogbo rẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí èyí tó jẹ́ ti ẹlòmíì nínú wọn.